Ìyá Sàlẹ́ńsà: Ẹni Tí Kò Bá Ẹnikẹ́ni Bo Èéfín Mọ́lẹ̀

Ọjọ́ kẹtàlá oṣù kẹta ọdún 1951 ni a bí Màmá wa, ẹni tí tọmọdé tàgbà mọ̀ sí Ìyá Sàlẹ́ńsà, nínú yàrá kékeré kan tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ìyá wọn ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ṣùgbọ́n bó bá ti gbé ẹsẹ̀ lé ẹ̀rọ ìránṣọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀ títí òwú yóò fi tán. Bàbá wọn ń wa ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kó pákó láti ilé ìlagi lọ sọ́dọ̀ àwọn káfíńtà. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá tó bí bàbá wọn, alágbẹ̀dẹ náà sì ni bàbá tó bí ìyẹn. Irin kò ṣàjèjì nínú ìdílé náà. Ọmọ márùn-ún ni àwọn òbí wọn bí. Màmá ni ìkẹta, àwọn nìkan sì ni obìnrin.

Tí ọkọ̀ pákó bá wọlé ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ yòókù á sáré lọ wo ohun tí bàbá rà bọ̀. Màmá á gba ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ, wọ́n á dúró ti sàlẹ́ńsà, ìyẹn páìpù tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde, wọ́n á máa wò ó bí ẹni ń ka ìwé. Lọ́jọ́ kan ìyá wọn jágbe mọ́ wọn.

“Ìwọ ọmọ yìí, kí lo ń wá nídìí mọ́tò?”

“Màámi, dúdú ni tòní. Ti àná ò dúdú báyìí.”

Bàbá wọn gbọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó wọlé lọ jẹun. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ọkọ̀ dákú sójú ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù pákó lẹ́yìn rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, bó bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ló ti ń bi ọmọ rẹ̀ obìnrin pé, “Àwọ̀ wo ni tòní?” Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Màmá nígbà náà.

Ọdún 1957 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, wọ́n sì ka ìwé dé ọdún 1965. Ìṣirò ni wọ́n mọ̀ jù. Olùkọ́ wọn a máa ní kí wọ́n wá ṣe é lójú pátákó fún àwọn ọkùnrin tó ju wọ́n lọ, ìdí sì nìyí tí àwọn ọkùnrin náà fi ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí ojú bàbá wọn bẹ̀rẹ̀ sí ṣe bàìbàì, wọ́n ta ọkọ̀ pákó, ẹ̀kọ́ sì dúró níbẹ̀. Màmá sunkún odidi ọjọ́ kan. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n rán aṣọ iṣẹ́ kan fún ara wọn láti inú àjákù aṣọ tó ṣẹ́kù sí ṣọ́ọ̀bù ìyá wọn, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n sì jáde.

Ọdún 1967 ni wọ́n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wẹ́dà kan, ajórinpọ̀ tó ń tún sàlẹ́ńsà ṣe. Ọ̀gá náà kọ́kọ́ kọ̀ jálẹ̀.

“Iná ni iṣẹ́ yìí,” ni ó wí. “Iná ò sì mọ ọmọ obìnrin lójú.”

“Ẹ̀gbọ́n, iná tó wà nídìí ìkòkò náà ò mọ̀ mí lójú,” ni Màmá dáhùn. “Àtọdún wo la ti jọ ń gbé?”

Ọ̀gá wẹ́dà kò mọ ìgbà tí ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ọkọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń pariwo bí ẹran tí wọ́n so, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta sì ti wá ihò ara sàlẹ́ńsà rẹ̀ tì láti àárọ̀. Ó ní kí Màmá lọ wá a. Màmá bu omi sínú agolo, wọ́n po ọṣẹ sí i títí ó fi yọ ìfófòó, wọ́n wá fi àkísà tọ́ ọ sí gbogbo oríkèé páìpù náà nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Ìfófòó dúró jẹ́ẹ́ níbi gbogbo, àfi lókè ibì kan tí ojú kò lè dé, níbi tó ti ń hó kùù. Ọ̀gá náà wo ibẹ̀, ó wo àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó ní, “Ẹ fún un ní ìbọ̀wọ́.” Ọdún mẹ́rin ni Màmá fi kọ́ṣẹ́, ìwé ẹ̀rí wọn ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù títí di òní.

Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti pàdé Bàbá, olóògbé ọkọ wọn, awakọ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nítorí pé kì í sáré, ìbáà jẹ́ òjò ló ń lé e. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí gbé sàlẹ́ńsà wá lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóṣù. Lẹ́ẹ̀kẹrin, ọ̀gá wẹ́dà fi sípánà lu páìpù náà, ó dún gbọnrangandan, kò sí ohun tó ṣe é. Ó ní, “Dírẹ́bà, sàlẹ́ńsà kọ́ ló ń jó. Ọkàn ẹ ni. Sọ fún ọmọbìnrin yìí kó gbọ́, kí n ráàyè ṣiṣẹ́.” Ọjọ́ kọkànlá oṣù kejìlá ọdún 1974 ni wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́rin ta wọ́n lọ́rẹ, obìnrin méjì, ọkùnrin méjì.

Ní ọdún 1979, Màmá dá ṣọ́ọ̀bù tiwọn sílẹ̀ ní òpópónà gígùn tó já sí ibùdó ọkọ̀. Òrùlé páànù ló ní, kòtò kan wà láàárín tí èèyàn lè dúró sí kó máa wo abẹ́ ọkọ̀, àwọn sípánà sì so kọ́ sára pátákó láti orí èyí tó kéré jù dé èyí tó tóbi jù. Ẹni tó bá yọ ọ̀kan tí kò dá a padà síbi tó ti yọ ọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ di ti Ọlọ́run. Ẹni tó wà ní ọgọ́ta máìlì sí ibẹ̀ ń wá. Bí ọkọ̀ bá ti ń bọ̀ lókèèrè, Màmá á ti ya ojú sí èéfín rẹ̀: èyí tó dúdú, epo ló ń jẹ ní àjẹjù, èyí tó fẹ́ jọ aró, ọ́ìlì ló ń jó, èyí tó funfun tí kò sì lọ, omi ti wọ inú. “Èéfín nìwà,” ni wọ́n máa ń wí, “kò ṣeé fi agbọ̀n dé.”

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1996 ni òfin èéfín dé. Ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ máa wá fún àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ọkọ̀ tí kò bá yege kò ní rí ìwé ọkọ̀ gbà, ọkọ̀ tí kò bá sì ní ìwé kò gbọdọ̀ gbé èrò. Ọ̀rọ̀ náà da ibùdó ọkọ̀ rú. Àwọn awakọ̀ ní, “Wọ́n ti yẹ táyà wò, wọ́n ti yẹ bíréèkì wò, ó wá kan èéfín! Tó bá dọ̀la, fèrè mọ́tò náà á lọ ṣe ìdánwò.” Àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń bẹ̀rù pé àwọn ò ní rí iṣẹ́ ṣe mọ́, pé ọkọ̀ tuntun nìkan ni yóò kù lójú títì.

Màmá kò bá wọn kígbe. Ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wà lódìkejì ibùdó ọkọ̀ náà, ibẹ̀ ni ọmọ wọn kẹta lọ. Lójoojúmọ́ tí ọmọ náà bá dé, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan á ti wà lábẹ́ ihò imú rẹ̀ méjèèjì. Ọdún méjì gbáko ni Màmá fi ń fi aṣọ tútù nu ìlà náà kí ọmọ tó jẹun. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba ní àwọn ń wá àwọn oníṣọ́ọ̀bù tí yóò máa ṣe àyẹ̀wò náà, Màmá kọ̀wé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n fi gba ẹ̀kọ́, àwọn méjìlélógójì, obìnrin kan ṣoṣo. Ipò kejì ni wọ́n ṣe. Màmá ní ẹni tó ṣe ipò kìn-ín-ní ti lọ yunifásítì, kò burú.

Ẹ̀rọ àyẹ̀wò náà dé nínú àpótí. Ó ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń kì bọ ẹnu sàlẹ́ńsà, ó sì ní ojú kan tó ń ka èéfín láti òdo dé ọgọ́rùn-ún. Ọkọ̀ tó bá kọjá ogójì kò yege. Ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹfà ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ méjìlá sì tò sójú títì kó tó di aago mẹ́jọ. Bàbá ló ṣíwájú gbogbo wọn. Wọ́n ti fọ bọ́ọ̀sì aláwọ̀ búlúù wọn, wọ́n ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ ṣọ́ọ̀ṣì.

“Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o,” ni Bàbá wí, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí àwọn tó wà lẹ́yìn. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí bí ọkọ̀ gidi ṣe ń yege.”

Màmá ki ọ̀pá bọ̀ ọ́. Bàbá tẹ iná mọ́ ọn. Ẹ̀rọ náà ka mọ́kànléláàádọ́rin. Màmá ní kí wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Àádọ́rin. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta. Mẹ́tàléláàádọ́rin. Ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu Bàbá. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó wọn, wọ́n sì rẹ ohùn sílẹ̀.

“Ìyá ọmọ, àwọn èèyàn ń wò wá o.”

“Wọ́n ń wò wá, Bàbá. Tí mo bá tẹ òǹtẹ̀ yege sí tiyín lónìí, kí ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tó kàn?”

“Mo mọ̀ pé ó ń rú díẹ̀. Ṣe bí ìwọ náà mọ̀.”

“Mo mọ̀. Àtoṣù kẹta ni mo ti ń sọ ọ́ fún yín lórí oúnjẹ. Ẹ ní kí n jẹ́ kí ẹ jẹun ná.”

Màmá gbé òǹtẹ̀ pupa, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé náà gbàgà. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé, “Yéè! Ó féèlì ọkọ ẹ̀ o!” Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ yé wọn, tí ẹ̀rín gbẹ. Nínú ọkọ̀ mọ́kànlá tó kù, méje yí orí padà.

Bọ́ọ̀sì búlúù jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bàbá ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá ọ̀rẹ́ wọn kan wa ọkọ̀ nílùú. Nínú ilé, Bàbá kò bá Màmá sọ̀rọ̀. Ògiri ni wọ́n ń rán níṣẹ́: “Ògiri, sọ fún un pé mo ti jẹun. Ògiri, bá mi béèrè ibi tí tówẹ̀lì wà.” Màmá á dá ògiri lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Àwọn ọmọ ń fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ni Màmá sọ fún àkọ́bí wọn pé bàtà Bàbá ló fẹ́rẹ̀ẹ́ yí àwọn lọ́kàn padà. Tí wọ́n bá rí bàtà náà lẹ́nu ilẹ̀kùn ní ìrọ̀lẹ́, tí eruku bò ó, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ ti fẹ́ jẹ tán, wọ́n á ní ṣé ìwé kan ṣoṣo tó èyí. Wọ́n á wá rántí aṣọ tútù àti ìlà dúdú náà.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi méjì ni wọ́n fi tú ẹ́ńjìnnì náà. Nọ́sù mẹ́ta, ìyẹn ẹnu tí epo ń gbà tú wọ inú ẹ́ńjìnnì, ló ti jẹ, ríìnì, òrùka irin inú rẹ̀, sì ti gbó. Bàbá gbé àpótí kékeré kan, wọ́n jókòó sí i lẹ́bàá kòtò, wọ́n ń wo iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì, Màmá na ọwọ́ sókè láti inú kòtò láti gba sípánà, ó sì pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fi nǹkan sí i.

“Nọ́mbà mẹ́tàlá àbí mẹ́rìnlá?” ni Bàbá béèrè.

“Mẹ́tàlá,” ni Màmá dáhùn. Inú kòtò ni wọ́n wà, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò rí ojú wọn.

Màmá kọ̀ láti fi ọwọ́ ara wọn yẹ ọkọ̀ náà wò lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní kí Bàbá gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn, kí ẹnikẹ́ni má baà rí wí. Méjìdínlọ́gbọ̀n ni ẹ̀rọ ibẹ̀ kà. Bàbá lẹ ìwé yege aláwọ̀ ewé mọ́ gíláàsì ọkọ̀, wọ́n sì lẹ ìwé olóǹtẹ̀ pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èrò tó bá béèrè, wọ́n á ní, “Ìyàwó mi ló kọ ọ́. Èwo nínú yín ni ìyàwó ẹ̀ lè sọ òótọ́ fún báyẹn?”

Àmọ́ àwọn awakọ̀ yòókù kò fẹ́ òótọ́ nígbà náà. Wọ́n gbá jọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní Ṣápù-ṣápù, àbúrò iṣẹ́ Màmá lọ́dọ̀ ọ̀gá wẹ́dà, tí òun náà ti gba àṣẹ àti ẹ̀rọ àyẹ̀wò. Ṣápù-ṣápù ní sàlẹ́ńsà tuntun mẹ́ta tó ní asẹ́ nínú, tó ń gba ìdọ̀tí inú èéfín. Yóò so ọ̀kan mọ́ ọkọ̀ rẹ, ọkọ̀ rẹ á yege, yóò sì tú u kí o tó dé títì. Ó wá bá Màmá lọ́jọ́ kan, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì jókòó.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká jọ ṣe é. Ìjọba rí ìwé, dírẹ́bà rí ọ̀nà, àwa náà rí jẹ. Ta ló wá kú níbẹ̀?”

“Ìwọ ọmọ yìí, aṣọ àgbàbọ̀ kì í yẹ ọmọ èèyàn,” ni Màmá wí. “Bí kò fún un lẹ́sẹ̀, á fún un lápá. Èéfín yẹn, ibo lo rò pé ó ń lọ lẹ́yìn tí o bá tú aṣọ ọ̀hún? Lọ dúró síwájú ilé ìwé yẹn kí o wò.”

Ó dìde, ó ní òun gbọ́, kò sì yí padà. Oṣù méjì ni ọkọ̀ fi wọ́n gan-an ní ṣọ́ọ̀bù Màmá. Wọn kò dá ẹnì kankan dúró lára àwọn òṣìṣẹ́ wọn. Màmá ní kí wọ́n máa fi irin ṣe ojú fèrèsé àti géètì, ìdajì àwọn géètì òpópónà náà sì ti ara ìyàn iṣẹ́ ọdún náà wá. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn tí wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀ wọn pẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí padà wá, nítorí wọ́n ṣàkíyèsí pé ẹni tí Màmá bá tún tirẹ̀ ṣe kì í tún ra epo bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ní ọdún 1999, ìjọba fi ẹ̀ka tuntun kún òfin: ọkọ̀ tó bá ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ó kúrò lójú títì, kí wọ́n má tilẹ̀ wulẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ó lé ní ìdajì àwọn awakọ̀ ibùdó náà tí yóò padà sílé. Alága wọn, ẹni tó kọ́kọ́ yí orí ọkọ̀ padà lọ́jọ́ òǹtẹ̀ pupa, kó àwọn àgbà mẹ́ta lẹ́yìn wá bá Màmá.

“Ìyá, a ṣẹ̀ yín,” ni ó wí. “A ò sì rí ẹlòmíì tí ìjọba lè gbà gbọ́. Ẹni tó féèlì ọkọ ẹ̀, ta ló máa pè é lónírọ́?”

Màmá ní kí wọ́n jókòó. Wọ́n bu omi fún wọn. “Ọkọ̀ mélòó lẹ lè kó jọ?”

“Mọ́kàndínlógún.”

“Mo máa yẹ̀ wọ́n wò níwájú àwọn ọ̀gá ní ọ́fíìsì ìjọba. Ẹni tí mo bá féèlì kò gbọdọ̀ bínú. Bó bá jẹ́ ìwọ gan-an ńkọ́, Alága?”

“N ò ní bínú, Ìyá.”

Lówùúrọ̀ Ọjọ́rú kan, ọkọ̀ mọ́kàndínlógún tò wọ iwájú ọ́fíìsì ìjọba tó ń mójú tó ọkọ̀, bọ́ọ̀sì búlúù Bàbá ṣáájú, ẹ̀rọ àyẹ̀wò wà nínú rẹ̀ lórí tìmùtìmù. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà béèrè ẹni tí wọ́n fẹ́ rí. Màmá ní àwọn ò fẹ́ rí ẹnikẹ́ni, àwọn fẹ́ kí wọ́n wá rí àwọn ni. Àwọn akọ̀wé ti kún ojú fèrèsé kí Ọ̀gá Àgbà tó sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin tó múra dáadáa, tó sì fara balẹ̀.

“Ìyá, kí lèyí?”

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ ní arúgbó ni wọ́n. Mo ní kí ẹ gbóòórùn wọn.”

Wákàtí mẹ́ta ni Màmá fi yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń pe iye rẹ̀ sókè, akọ̀wé ọ́fíìsì fúnra rẹ̀ ń kọ ọ́. Mẹ́rìndínlógún yege. Mẹ́ta kò yege, ti Alága sì wà lára wọn. Màmá tẹ òǹtẹ̀ pupa sí i níwájú gbogbo èèyàn. Alága gba ìwé rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó ní, “Ẹ ṣeun, Ìyá.”

“Ẹ rí i báyìí,” ni Ọ̀gá Àgbà wí. “Mẹ́ta ń ba afẹ́fẹ́ jẹ́.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Àwọn mẹ́ta yẹn á sì lọ tún un ṣe. Ẹ jẹ́ ká wá yẹ ọmọdé kan wò.” Màmá na ọwọ́ sí jíìpù kan tó ń dán lábẹ́ igi. “Ọmọ ọdún mélòó nìyẹn?”

Jíìpù Ọ̀gá Àgbà ni. Ọdún mẹ́ta péré ni. Dírẹ́bà rẹ̀ wo ilẹ̀. Àwọn akọ̀wé na ọrùn jáde lójú fèrèsé. Ọ̀gá Àgbà mi orí pé kí wọ́n ṣe é, Màmá sì ki ọ̀pá bọ̀ ọ́. Mẹ́rìndínlọ́gọ́ta.

“Kí ló ṣe é?” ni Ọ̀gá Àgbà béèrè.

“Asẹ́ afẹ́fẹ́ ẹ̀ ni, sà. Àtìgbà tí ẹ ti rà á, ẹnikẹ́ni ò tíì pààrọ̀ ẹ̀. Ọjọ́ orí ò ṣe nǹkan kan fún mọ́tò. Àìtọ́jú ló ń pa á.”

Ọkùnrin náà wo jíìpù rẹ̀, ó wo bọ́ọ̀sì búlúù, ó ní, “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí.” Ẹbí wa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kúrò. Wọ́n fún ọkọ̀ tí kò bá yege ní ọgọ́ta ọjọ́ láti fi tún ara rẹ̀ ṣe, àyẹ̀wò ẹlẹ́ẹ̀kejì sì di ọ̀fẹ́. Wọ́n fi kún un pé ṣọ́ọ̀bù tó bá ń yáni ní sàlẹ́ńsà yóò pàdánù àṣẹ rẹ̀.

Èyí tó gbẹ̀yìn yìí mú Ṣápù-ṣápù ní ọdún 2000. Wọ́n kó ẹ̀rọ rẹ̀ lọ, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, ó wá dúró lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù Màmá, kò lè wọlé. Màmá ń tú páìpù lọ́wọ́, wọn kò gbé ojú sókè. Wọ́n ní, “Ìbọ̀wọ́ wà lára pátákó. Bó o bá yọ sípánà, dá a padà síbi tó o ti yọ ọ́.” Ọdún méjìlá ni wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ó wà láàárín wa níbí lónìí, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí ẹbí kọ ọ́ bó ṣe rí, kí wọ́n má bá òun bò ó.

Nípa ti ìgbàgbọ́, Màmá fẹ́ràn Ọlọ́run pẹ̀lú ọ̀rọ̀ díẹ̀. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi jẹ́ olùtọ́jú ẹnu ọ̀nà nínú ìjọ, wọ́n sì máa ń wo aago bí àdúrà bá gùn. Wọ́n ní ẹni tó ń ránṣẹ́ sí Ẹlẹ́dàá kò nílò láti máa wọ́ ọ. Nínú ìlú, èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wọn, obìnrin mọ́kànlá nínú wọn. Màmá ló lọ láti ọkọ̀ dé ọkọ̀ títí àwọn awakọ̀ ibùdó fi gbà láti máa pa ẹ́ńjìnnì bí wọ́n bá ń dúró de èrò lódìkejì ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n fẹ̀yìn tì ní ọdún 2014, wọ́n sì fi ṣọ́ọ̀bù lé àkọ́bí wọn obìnrin lọ́wọ́. Bàbá lọ sinmi ní ọdún 2016. Màmá kò pariwo. Wọ́n jókòó sínú bọ́ọ̀sì búlúù náà ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lórí ìjókòó dírẹ́bà, ẹnikẹ́ni kò sì lọ pè wọ́n títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀ fúnra wọn.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, ọkàn wọn bẹ̀rẹ̀ sí rẹ̀. Nígbà tí áńbúláǹsì wá gbé wọn, wọ́n ti gbé wọn dé ẹ̀yìn ọkọ̀ kí Màmá tó rí èéfín rẹ̀, tí wọ́n sì gbé ọwọ́ sókè pé kí wọ́n dúró ná.

“Dírẹ́bà, ọmọ mi, nọ́sù kan ti jẹ nínú mọ́tò yìí.”

“Màmá, ẹ sinmi, ẹ má dààmú.”

“Mò ń sinmi. Kì í ṣe èmi nìkan lo máa gbé. Jẹ́ kí wọ́n wò ó.”

Ọ̀sán ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà ni Màmá fi ayé sílẹ̀ ní ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, àkọ́bí wọn di ọwọ́ wọn mú. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, awakọ̀ áńbúláǹsì náà wá sílé láti bá ẹbí kẹ́dùn. Ó jókòó. Ó ní òun mú ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹ́káníìkì ilé ìwòsàn, wọ́n tú u, nọ́sù kan ló jẹ lóòótọ́, ìkẹta láti iwájú. Ó ní òun kàn fẹ́ kí ẹnì kan nínú ilé yìí mọ̀ pé àwọn ti tún un ṣe.

Ọmọ mẹ́rin ni Màmá fi sílẹ̀ láyé: àkọ́bí tó di ṣọ́ọ̀bù mú, obìnrin kejì tó jẹ́ olùkọ́ ìṣirò, ọkùnrin kẹta tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, àti àbíkẹ́yìn tó ń wa ọkọ̀ èrò bíi ti bàbá rẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n fi ọmọ-ọmọ mọ́kànlá sílẹ̀, ọmọ-ọmọ-ọmọ méjì, ẹ̀gbọ́n ọkùnrin kan, àwọn ìyàwó ọmọ àti ọkọ ọmọ, pẹ̀lú àwọn ọmọ iṣẹ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n.

Màmá wa, ẹ bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, ẹ nu ọwọ́ yín. Iṣẹ́ tí ẹ ṣe dára, ó sì dúró. Kí ilẹ̀ tó gbà yín rọ̀ yín lára, kí afẹ́fẹ́ ibi tí ẹ ń lọ mọ́ gaara. Ẹ sùn re o, ìyá olóòótọ́.